Abíọ́nà lórí Afárá

Aago mẹ́rin ìdájí ní Windsor. Òtútù ń bu eegun jẹ.
Tírélà méjìdínlógójì ló wà níwájú mi,
odò ń ṣàn lọ nísàlẹ̀ afárá,
kò bi ẹja kankan léèrè pé
ta ló bí ọ, ọjọ́ wo lo máa padà.

Irin ni mo kó.
Windsor ni wọ́n ti rọ ọ́, Detroit ni wọ́n á ti lu ú nihò,
n óò gbé e padà wá lọ́jọ́bọ̀ kí wọ́n kùn ún lọ́dà,
yóò tún sọdá kó tó di ọkọ̀.
Irin kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ́nu ibodè,
kò sẹ́ni tó ní kó fi ìwé báńkì rẹ̀ hàn.

Ìyá mi ni wọ́n ní kó fi hàn.
Abẹ́ní, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin,
gbéra láti Ìkirè lóru, ó lọ tẹ̀ka l'Ékòó.
Ìka tó ti ń fi po ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n mọ́ ata
láti ọdún gbọ́nhan,
epo gbígbóná ti jẹ ìlà ara rẹ̀ tán.
Ẹ̀rọ ò rí nǹkan kà. Wọ́n ní kó tún un tẹ̀. Ó tún un tẹ̀.
Lóṣù kẹta lẹ́tà dé:
kò dá wa lójú pé ẹ óò kúrò ní Kánádà.
Ìyá mi rẹ́rìn-ín lórí fóònù títí ó fi húkọ́.
"Èmi tí mo ní ewúrẹ́ mẹ́fà nílé?
Ta ni wọ́n fẹ́ kó máa já ewé fún wọn?"

Iṣu Gánà wà ní ṣọ́ọ̀bù ará Lẹ́bánónì ní Wyandotte,
ó nà gbalaja, erùpẹ̀ ilé ṣì wà lára rẹ̀.
Eusebio ará Mẹ́síkò ti ń gbin tòmátì ní Leamington
fún ọdún mọ́kànlá, oṣù mẹ́jọ mẹ́jọ.
Ohun tó gbìn ń ta gbòǹgbò.
Òun ò gbọdọ̀ ta.

Lálẹ́ àná, Wúràọlá ọmọ mi gba fóònù,
ọmọ ọdún mẹ́jọ, Yorùbá rẹ̀ ń fẹsẹ̀ kọ bí ẹni rìn lórí yìnyín.
"Màmá, mo fẹ́ di owó yín mú."
"Owó wo? Màmá ò lówó o, ọwọ́ ló ní."
Ni wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín, ẹnì kan níbí, ẹnì kan lọ́hùn-ún,
mo sì yíjú sí ògiri.

Ó kàn mí.
Ọ̀gá ibodè ṣí ìwé ìrìnnà mi. Orúkọ mi wà níbẹ̀
láìsí àmì ohùn kan, bí adìẹ tí wọ́n tu níyẹ̀ẹ́.
"Ibo ni wọ́n bí ọ sí?"
Ojú ọ̀nà ni, ọ̀gá. Táyà ọkọ̀ ló bẹ́, kò jìnnà sí Gbọ̀ngán,
wọ́n tẹ́ tapólì sábẹ́ igi fún ìyá mi.
Wọ́n ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ;
ìyá mi ò rílé wò, ọ̀nà ló wò.
Àmọ́ "Nàìjíríà" ni mo wí.

"Oúnjẹ ń kọ́?"
Mo nawọ́ dòdò Ìkirè sí i, ó dúdú minimini nínú ewé.
Ọmọ aládùúgbò wa ló bá mi gbé e wọ̀lú.
"Kí lèyí?" Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. "Ta ló ṣe é?" Ìyá mi.
Ó gbé e símú. Ó pẹ́ díẹ̀.
Ó dá a padà.

Mo bu ú jẹ kí n tó fi jíà sí i:
iyọ̀, ata, ibi tí ìka márùn-ún ti fún un pọ̀.
Wọ́n ti ń fọn fèrè lẹ́yìn mi
pé kí n sún.